Omi Kì í Tẹ̀lé Ẹyẹ Odò

Òórùn ọ̀rá ló dá mi dúró lẹ́nu àdúrà lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọmọ ọmọ mi, Ràfíátù, ní Fate, mo ń fa tẹ̀sùbáà mi lọ díẹ̀díẹ̀, ni òórùn kan bá yọ láti ilé ìdáná, ó gba abẹ́ kọ́tìnì kọjá, ó wá bá mi níbi tí mo wà. Kì í ṣe òórùn adìẹ, kì í ṣe ti àgbò. Òórùn tó wúwo ni, bí ẹni pé wọ́n ń yọ́ òrí lórí iná, tí wọ́n sì bu ẹrẹ̀ odò díẹ̀ sí i. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí òórùn yẹn ń wọ ilé wa, eyín ọmọdé ṣì wà lẹ́nu mi.

Ràfíátù ń sin àwọn ẹyẹ funfun kan nínú ọgbà rẹ̀, gúúsì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n. Ọrùn wọn gùn, ẹnu wọn kò sì mọ́ rárá. Àlejò kan kò lè kan géètì kí wọ́n má bú u dé ìdílé. Ajá ilé náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn, oorun ló kù tó ń sùn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà wá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ọkọ Ràfíátù sì dúńbú rẹ̀ kó tó kú dànù. Ni Ràfíátù bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó ní:

"Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan àtijọ́. Kí ni wọ́n fi ń se ẹran yìí? Ọ̀rá rẹ̀ mà pọ̀ o. Kí la sì máa gbé fún àwọn àlejò láti mu sí i? Ṣé kóòkì ni àbí málítì?"

Ẹ̀rín ló fi bi mí. Èmi ni kò rí ẹ̀rín fi dáhùn. Mo ní kó jẹ́ kí n mí ná. Ó rò pé àyà ń dùn mí, ó ti ń wá fóònù tó máa fi pe dókítà. Àyà kọ́ o. Ìrántí ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fìdí lé ilẹ̀, kí n sọ bí ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán ṣe ń mú omi bọ́ lójú arúgbó.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọkọ̀ ojú irin ṣì jẹ́ ohun ìyanu ní Ìlọrin. Tó bá fọn fèrè lókèèrè, àwọn àgbàlagbà á ní "Aúsùbílà," wọ́n á sá di Ọlọ́run, àwa ọmọdé á sì máa fò sókè. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ wà lórí òkè tirẹ̀, Ẹ́míà wà láàfin, àwa tálákà wà láàrin àwọn méjèèjì, a ń kí wọn lọ́tùn-ún lósì. Agboolé wa kò jìnnà sí Ọjà-Ọba. Ilé alámọ̀ gbọọrọ ni, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá sín ní ìkángun kan, ìgbà tí wọ́n bá fi máa kí i ní ìkángun kejì, á ti gbàgbé pé òun sín. Baba bàbá mi ni olórí ilé náà. Àáfáà ni, Bàbá Àáfáà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ojúde ilé ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Gbogbo wọn á gbé wàláà, pátákó ìkọ̀wé wọn, lé orí itan, wọ́n á máa ké bí ẹyẹ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ.

Ìyàwó rẹ̀, ìyá àgbà wa, ló ń ta èròjà lọ́jà: kànáfùrù, ẹ̀ẹ̀rù, atalẹ̀, ìyẹ̀rẹ̀, àjàgbọn tó ń kan ní eyín. Òórùn gbogbo wọn ti wọ ìyá náà lára. Bó bá gbá ọ mọ́ra, wàá kọ́kọ́ sín kí inú rẹ tó dùn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ se àsè ní àdúgbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà, nítorí pé ìyá àgbà gbà pé oúnjẹ ń ṣe ìgbéyàwó. Ó ní èèyàn kì í ṣàdédé kó ẹran àti ọbẹ̀ àti ohun mímu sínú ikùn kan náà bí ẹni ń di ẹrù; ó ní kéèyàn bèèrè bóyá wọ́n lè gbé. Èyí gbóná, èyí tutù. Èyí le, èyí rọ̀. "Ikùn náà, ilé ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa jà mọ́ ọ lórí?"

Nínú gbogbo ìgbéyàwó tó ń ṣètò wọ̀nyí, ti ẹyẹ odò ló le jù.

Ẹyẹ odò yìí ni baba àwọn gúúsì Ràfíátù. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ pupa bí ẹni tí wọ́n gbá létí, ẹ̀gún kan sì wà ní ìyẹ́ apá rẹ̀ tó lè fa ènìyàn ya. Bí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ wọlé, wọ́n á fò wá láti ìhà Odò Ọya, wọ́n á bà sí àbàtà lẹ́bàá Odò Asà. Àbúrò bàbá mi, Bàbá Jímọ̀, ló ń dẹ wọ́n. Kì í yìnbọn fún wọn, nítorí ẹyẹ tí a yìnbọn fún lè kú sínú koríko kí ọ̀bẹ tó dé ọrùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa jẹ òkúǹbete nínú ilé àáfáà. Okùn ló ń dẹ sílẹ̀. Ààyè ni ó máa ń gbé wọn wálé, sábẹ́ apá, ẹyẹ á máa ṣá a lójú, á máa ṣá a létí. Ẹ má rò pé ó ń rìn bí akọni ọdẹ o. Bí ẹni tó jí ọmọ ọlọ́mọ gbé ló ṣe ń sáré.

Ìyá àgbà á gbà á, á kọ́kọ́ gé kókó ọ̀rá kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀ sọnù, nítorí pé ibẹ̀ ni òórùn ẹrẹ̀ odò ń gbé. Á fi atalẹ̀ àti ẹ̀ẹ̀rù bọ̀ ọ́, á máa bu ọ̀rá tó léfòó sínú ìkòkò kékeré kan, èyí tí a ó máa fi pa àyà ọmọdé tó bá ń wúkọ́. Lẹ́yìn èyí ni ewé ìṣápá á wọ ọ́, ìṣápá tó kan dáadáa, àti omi àjàgbọn, àti irú, àti àlùbọ́sà tó pọ̀ débi pé gbogbo ilé á máa sunkún. Ó ní ohun tó bá sanra, ohun kíkan ni kí o fẹ́ fún un. Kò gbà kí ẹ̀pà sún mọ́ ọn. "Olówó méjì kì í fẹ́ra wọn," ó ní. "Ta ni yóò ṣiṣẹ́?" Kò gba ilá, nítorí ohun yíyọ̀ lórí ohun yíyọ̀, ìṣubú ni. Kò gba iṣu. Ó ní iṣu á fa ọ̀rá mu yó, á wá sùn sí ènìyàn lọ́fun. Tùwó ọkà bàbà ló ń rò sí i, tó le, tó pupa.

Tó bá kan ohun mímu, wàrà kíkan ni, tí a fi omi là díẹ̀, tí a gbé sínú igbá síbi afẹ́fẹ́ títí ó fi tutù. Wàrà nìkan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu omi títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́.

"Omi kì í tẹ̀lé ẹyẹ odò," ìyá àgbà á sọ, á sì na ìka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Inú omi ni wọ́n bí i sí. Tó o bá da omi lé e lórí, á rò pé òun ti délé. Á na apá nínú ikùn rẹ, á máa lúwẹ̀ẹ́. Ṣé o mọ̀ pé ó ní ẹ̀gún lápá?"

A ó rẹ́rìn-ín. A ó gbé etí lé ikùn ara wa, a ó máa gbọ́ bóyá ẹyẹ ń lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ mu omi. Àwàdà ni, òfin sì ni.

Wàrà tí mo ń sọ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá Awáwù la ti ń rà á. Fúlàní ni wọ́n, gáà wọn wà lẹ́yìn odi ìlú. Awáwù ni ọ̀rẹ́ mi. Orí wa dọ́gba, àyàfi tó bá gbé igbá rù, nígbà náà ni á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ga jù mí lọ. Ohùn rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́: "Wàrà ò! Wàrà rè é!" Yorùbá rẹ̀ máa ń kọsẹ̀, kì í sì í dúró gbé e dìde. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń súfèé fún màlúù. Ní àsìkò ẹyẹ odò, yóò tọ́jú ìsàlẹ̀ igbá fún mi, ibi tí wàrà ti ki, yóò sì bi mí pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹyẹ yín ti ń lúwẹ̀ẹ́?"

Ohun kan ló máa ń yà mí lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀ láé. "Ìwọ yẹn" ló ń pè é, tàbí kó kàn ṣẹ́wọ́ sí i. Kì í wò ó lójú níwájú ènìyàn, kì í gbá a mọ́ra. Mo rò pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bi Awáwù, ó ń fi ẹsẹ̀ ya ilẹ̀, ó ní òun ni àkọ́bí, pé ní ọ̀dọ̀ àwọn, ìtìjú ni kí ìyá fi ìfẹ́ àkọ́bí hàn lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. "Orúkọ mi wà nínú ikùn rẹ̀," ó ní. "Kì í mú un jáde ni."

Ọdún burúkú dé. Àìsàn kan wọ àárín màlúù. Omi á máa dà lójú ẹran, ẹnu rẹ̀ á jẹrà, á máa ṣu omi, á sì ṣubú. Igún jẹun yó débi pé wọn kò lè fò mọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn kiri bí àwọn arúgbó. Wọ́n ní òyìnbó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ẹran kọjá odò. Bàbá Awáwù kó ìwọ̀nba tó ṣì lè dúró, ó gba inú igbó lọ, ó ní òun ń wá koríko tí àìsàn kò tíì mọ̀. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Òjò ọdún náà kò dára bákan náà. Ọkà bàbà gbẹ lórí ìdúró, àbàtà Odò Asà sún kì títí ó fi kù bí awọ ẹran tí wọ́n sá sóòrùn.

Nígbà tí ebi ti wọ gáà tán, ìyá Awáwù mú un wá sí agboolé wa. Wọn kò tọrọ nǹkan kan. Wọ́n kàn dúró lójúde, igbá òfìfo lórí ìyá, títí Bàbá Àáfáà fi ní kí wọ́n wọlé. Ó fún wọn ní yàrá kan. Láràárọ̀ ni ìyá náà ń fọ igbá wàrà rẹ̀, á fi iyanrìn ha inú rẹ̀, á dojú rẹ̀ dé sóòrùn. Kò sí nǹkan tó fẹ́ rọ sínú rẹ̀. Ó kàn ń fọ̀ ọ́ ni.

Àwa náà kò rí jẹ mọ́. Gúdúgúdú, iṣu oró inú igbó, ni a ń rẹ sómi títí oró rẹ̀ á fi jáde, òmíràn á sì kù síbẹ̀, ọ̀fun á máa yún wa. Awáwù rù títí ojú rẹ̀ fi tóbi ju ojú lọ. A kì í ṣeré mọ́. A kàn máa ń jókòó ti ara wa, èjìká sí èjìká, nítorí pé ó rọrùn láti jókòó bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Bàbá Jímọ̀ wọlé pẹ̀lú ẹyẹ odò kan lábẹ́ apá. Ẹyẹ náà rẹ̀ wẹ̀sì, kò tilẹ̀ ṣá a. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó kù sínú yàrá. Àwọn tí kò lè dìde tẹ́lẹ̀ dìde. Ìyá àgbà tú apẹ̀rẹ̀ èròjà rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rà mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan èyí tó dára jù bí ẹni tí ọba fẹ́ jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìṣápá gbígbẹ wà. Àjàgbọn wà. Ó bẹ ẹnì kan ní ìyẹ̀fun ọkà bàbà. Wàrà ló kù.

"Wàrà?" Bàbá Jímọ̀ ké. "Ìyá, ebi fẹ́ pa wá kú, ẹ ṣì ń wá ìyàwó fún ẹyẹ!"

"Jímọ̀, ebi kò ní kí á gbàgbé bí a ṣe ń jẹun," ìyá àgbà dá a lóhùn, kò gbójú sókè. "Ọjọ́ tí a bá gbàgbé ìyẹn, ebi ti jẹ wá tán nìyẹn."

Mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Òótọ́ ni. Òótọ́ náà ló sì ṣe wá ní ibi.

Ó rí omidùn ní ilé kejì, omi kíkan tó ń dúró lórí ògì. Ó tọ́ ọ wò, ó fi ahọ́n tẹ òkè ẹnu. "Ojú rẹ̀ jọ ti wàrà," ó ní. "Ìwà rẹ̀ ni mi ò mọ̀." Òun ló bù fún wa. A jẹun. Ìyá àgbà fẹ́ràn Awáwù. Ọrùn ẹyẹ ló fún un, ó sì da omi ọbẹ̀ tó ṣú fún ọ̀rá sí i lórí, ó tún da òmíràn, nítorí pé ó rù jù nínú gbogbo wa. Ètè ọmọ náà ń dán. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a kò tíì gbọ́ láti ìgbà tó ti wọ ilé wa. Ó fa orí mi mọ́ ikùn rẹ̀, ó ní, "Gbọ́. Ó ń lúwẹ̀ẹ́."

Lóòótọ́, nǹkan kan ń dún níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, inú rẹ̀ dà rú. Ikùn tí ebi ti fún pọ̀ kò lè gba ọ̀rá yẹn. Ó yé mi báyìí. Nígbà náà, kò yé ẹnikẹ́ni. Ó ń bì, ó ń ṣu, omi lásán ni gbogbo rẹ̀. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ojú rẹ̀ ti jìn sínú, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ bíi ti ìyá arúgbó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá, omi."

"Omi kọ́, ọmọ mi," ìyá àgbà ń wí. "Ẹyẹ ṣì wà nínú rẹ. Omi ló máa jí i. Ní sùúrù."

Ẹ má rò pé ìkà ni. Ó se atalẹ̀ tó ki, ó fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu; ọmọ náà pọ̀ ọ́ padà. Ó fi ọ̀rá ẹyẹ náà pa á níkùn. Ó gbé ọmọrí lé àmù tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó sì fi ẹ̀yìn tì í, kí àánú má bàa mú ẹnikẹ́ni bu omi fún ọmọ náà. Òun fúnra rẹ̀ kò mu omi lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Awáwù wà lójú ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí yàrá, ó ń fọ igbá. Ọmọ rẹ̀ ń kérora, òun ń fi iyanrìn ha igbá. Àwọn obìnrin ilé ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé irú ọkàn wo nìyí.

Bàbá Àáfáà wọlé pẹ̀lú wàláà rẹ̀. Ó ti kọ ẹsẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí i, ó fọ tàdáwà, yíǹkì tó fi kọ ọ́, sínú ife igbá kékeré. Hàntú ni, omi ìwòsàn àwọn àáfáà, ìyá àgbà kò sì lè fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run du aláìsàn. Awáwù gbá ife náà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan. Kò bì í. Ó la ojú, omi dúdú ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ó wo Bàbá Àáfáà.

"Bàbá," ó ní, "ẹ tún un kọ."

Bàbá Àáfáà tún un kọ. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an, gègé rẹ̀ ń sáré lórí wàláà bí mi ò ṣe rí i kó sáré rí, ó fọ̀ ọ́, ọmọ náà mu ún. "Ẹ tún un kọ." Ó ti tún ń ki gègé bọ tàdáwà nígbà tí ìyá àgbà dá a lọ́wọ́ dúró.

"Bàbá Àáfáà, ó tó. Oògùn ti di omi."

Bàbá Àáfáà wò ó. Nínú ilé yẹn, òun ló ni ìwé, ìyàwó rẹ̀ ló ni ikùn. Ó gbé wàláà rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo yọ́ lọ sí ilé ìdáná, mo ki etí ìró mi bọ inú ìkòkò omi, mo padà wá jókòó ti ọ̀rẹ́ mi bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo ti etí ìró náà sí i lẹ́nu. Ó ń mu ún bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mu ọmú, ojú rẹ̀ dì. Ìyá àgbà rí wa. Kò nà mí, kò bú mi. Ó kàn gba etí ìró náà lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fún un sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì nù ún lẹ́nu gbẹ.

Láàrin àlàásárì àti mùgùríbì, Awáwù kò bèèrè omi mọ́.

Wọ́n gbé e lọ sẹ́yìnkùlé láti wẹ̀ ẹ́, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ìyá àgbà àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ wẹ̀ ẹ́. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó rántí lé mi. Wọ́n ṣí àmù. Omi tí a fi du ọmọ náà láti àárọ̀, wọ́n wá ń dà á sí i láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń ṣàn wọ inú etí rẹ̀, ó ń ṣàn lórí ètè rẹ̀, ó ń ṣàn lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyá Awáwù tẹ̀ síwájú, ó bu omi, ó sì pè é.

"Awáwù."

Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó dà bí ẹni tó ń jí ọmọ kó wá fún wàrà màlúù. Lẹ́yìn náà, ó sọ fún ìyá àgbà láìwò ó, pé, "Ní gáà, màlúù tó bá ń ṣu omi, ìdí omi la máa ń fà á lọ."

Ìyá àgbà dúró, ahá lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ilé, Ìyá. Oúnjẹ yín ni mo jẹ. Òun sì ni àkọ́bí mi." Ó tún bu omi. "Ojú ń tì mí."

Ìyá àgbà jókòó sínú omi tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó lè gbé e dìde.

Obìnrin náà kò pẹ́ lọ́dọ̀ wa mọ́. Àárọ̀ kan ni a jí tí yàrá rẹ̀ ti mọ́ tónítóní, ó ti gba ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ gbà lọ. Igbá wàrà rẹ̀ ló fi sílẹ̀, ó gbé e dé orí àmù. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀bùn ni àbí ẹjọ́. Ìyá àgbà kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n gbé àmù náà tigbá-tigbá lọ sójúde, kó di sàárà: aláàárù tó ń ti ìdíkọ̀ ojú irin bọ̀, ọmọ kéú, arìnrìn-àjò, ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ bá ń gbẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pọnmi kún un láràárọ̀, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀.

Màlúù padà wá nígbà tó yá. Àwọn Fúlàní mìíràn tẹ gáà dó, àwọn ọmọ mìíràn ń polówó wàrà, ohùn wọn sì ń gún mi létí. Àbàtà kún. Bàbá Jímọ̀ tún gbé ẹyẹ odò wálé, eléyìí sì ṣá a dáadáa. Ìyá àgbà sè é bó ṣe ń sè é: atalẹ̀, ìṣápá, tùwó, wàrà kíkan nínú afẹ́fẹ́, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó wọ àwo, ó gbé igbá ojúde wọlé, ó kún fún omi, ó sì gbé e lọ bá wa lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró títí a fi mu ún. Àbúrò mi kékeré kan, tó kàn rántí àwàdà tí kò sì rántí nǹkan mìíràn, wò ó pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

"Ìyá, ẹyẹ ò ní lúwẹ̀ẹ́?"

Ìyá àgbà tún gbé igbá náà sún mọ́ ọn lẹ́nu.

"Jẹ́ kó lúwẹ̀ẹ́," ìyá àgbà ní.

Àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí ti lọ, mo gbọ́ pé ilé ni wọ́n kọ́ lé ibi tí ẹyẹ odò ń bà sí. Gáà pọ̀ ní Ìlọrin dòní, orúkọ ló kù, màlúù kò sí níbẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ kò mọ ẹ̀ẹ̀rù yàtọ̀ sí ìyẹ̀rẹ̀. Àmù ojúde wa fọ́, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Òmíràn fọ́, wọ́n fi ẹ̀rọ omi sí i, ife oníke kan wà níbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn. Àwọn tó ń mu ún kò mọ Awáwù. Wọn ò nílò kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí òùngbẹ wọn tó lọ. Mi ò sọ pé omi ni ì bá gbà á là. Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó bèèrè. Ohun tí ìyá àgbà mọ̀ nípa ẹyẹ yẹn, ògidì ìmọ̀ ni, ahọ́n mi ṣì ń jẹ́rìí sí i. Gbólóhùn kan ni kò dára nínú rẹ̀, a sì ti fi í rẹ́rìn-ín pẹ́ jù.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ràfíátù. Mo ní kó bu ọ̀rá yẹn kúrò, kó lọ wá ìṣápá tó kan, kó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀pà débẹ̀, kó sì ro tùwó tó bá lè rò ó. Tó bá fẹ́ gbé kóòkì, kó gbé e, àwọn àlejò òde òní kò mọ̀ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n wàrà kíkan ló mọ̀wà fún ẹyẹ yẹn.

"Ìyẹn tó bá yá," mo ní. "Omi ni kí o kọ́kọ́ gbé ka iwájú wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọdé."

Kò bi mí léèrè ìdí mọ́. Ó bu omi wá fún èmi gan-an, nínú ife gíláàsì, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún mi. Mo mu ún tán. Ó fẹ́ dìde.

"Tún un bù," mo ní.